Ìlù Méje Tí Kò Gba Èènì

Ọjọ́ tí mo ta gìtá ní Creek Road, kíréènì tó ń já ẹrù ní èbúté Àpápá dúró gbagidi. Kọ̀nténà tó gbé dání rọ̀ dirodiro lófuurufú, ó sì bẹ̀rẹ̀ sí í jó. Ó mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì, ìlù méje-méje ló ń tẹ̀ lé, kò ṣì í rárá. Àwọn ẹja ẹ̀pìyà yọrí nínú ọ̀sà, wọ́n ń bi ara wọn pé ta ni bàbá yìí. Ọ̀gá ọkọ̀ ojú omi náà, òyìnbó kan tí irùngbọ̀n rẹ̀ dé àyà, sọ̀ kalẹ̀ wá bá mi, ó ní ká jọ máa lọ sí ìlú òun kí n lọ máa kọ́ àwọn ọmọ wọn ní gìtá. Mo ní kò ṣeé ṣe. Ìyàwó mi ti gbé ẹ̀wà kaná.

Ẹ rọra máa rẹ́rìn-ín. N óò sọ bó ṣe bẹ̀rẹ̀, ẹ̀yin fúnra yín ni ẹ ó sì mọ ibi tí ẹ máa gbà gbọ́.

Èmi kì í ṣe akọ̀wé. Ìwé mẹ́fà ni mo kà, ìwé keje ò mọ̀ mí rí. Iṣẹ́ tí mo ṣe títí irun mi fi funfun ni iṣẹ́ àwọn tó ń fi irin gígùn de kọ̀nténà mọ́ orí ọkọ̀ ojú omi, kí ìgbì má baà dà á sínú òkun. Ẹni tó bá fi ọgbọ̀n ọdún de irin, ìka rẹ̀ kì í ṣe ìka mọ́. Wọ́n ní okùn gìtá máa ń bó awọ ìka ẹni tó bá ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ. Kì í ṣe tèmi. Nígbà tí mo kọ́kọ́ tẹ okùn gìtá mọ́lẹ̀, okùn yẹn ló sunkún.

Mo sì ti mọ gìtá díẹ̀ tẹ́lẹ̀ o. Nígbà tí ara ṣì le, mo máa ń fi ìka méjì ta á níbi tí a ti ń mu ẹmu lẹ́yìn iṣẹ́. Orin mẹ́ta ni mo mọ̀. Àwọn tó ń mu ẹmu ò béèrè ẹ̀kẹrin.

Ajégúnlẹ̀ ni èmi àti ìyàwó mi ń gbé. Ẹnu géètì wọ́ọ̀fù ló ti ta ẹ̀wà àti búrẹ́dì fún ọ̀pọ̀ ọdún, àwa tí à ń de kọ̀nténà ló sì ń tà fún jù. Ibẹ̀ ni mo ti rí i. Ó mọ gbogbo wa lọ́kọ̀ọ̀kan, ó mọ ẹni tó ń jẹun jù, ó mọ ẹni tó ń purọ́ jù, ó sì mọ̀ pé ẹnì kan náà ni. Láti ọjọ́ tí mo ti gbé e níyàwó, kò tíì gba ọ̀rọ̀ kan tó ti ẹnu mi jáde gbọ́ tán. Bí mo bá ní òjò ń rọ̀, á kọ́kọ́ na ọwọ́ síta lójú fèrèsé. Kì í bá mi jà sí i. Á kàn sọ pé, "Ó dáa, Bàbá wọn," á sì máa bá iṣẹ́ rẹ̀ lọ. Ẹ ò mọ bí "ó dáa" yẹn ṣe ń dunni tó, pàápàá lọ́jọ́ tí ènìyàn bá ṣèèṣì sọ òótọ́.

Ó ti tó ọdún mélòó kan tí mo fẹ̀yìn tì, mo ń gba Creek Road kọjá ní ọ̀sán Sátidé kan, ni mo gbọ́ ohùn láti inú ilé ìkẹ́rùsí kan tó ti ṣófo. Mo dúró. Orin ni, àmọ́ ó dà bí ẹni tó ń sáré sọ̀ kalẹ̀ lórí àtẹ̀gùn, tó ń fo ibi tí o ti ń retí ẹsẹ̀ rẹ̀, síbẹ̀ tí kò ṣubú. Mo yọjú. Ènìyàn mẹ́ta ni mo bá níbẹ̀. Obìnrin kan tí kò tíì pé ogójì ọdún gbé gìtá kọ́rùn. Ọkùnrin kan jókòó ti ìlù òyìnbó, àwọn tí wọ́n fi páànù pẹlẹbẹ sí lórí. Ẹnì kẹta ń ta gìtá olóhùn ńlá. Ẹni yẹn kì í sọ̀rọ̀, n kò sì ní í yọ ọ́ lẹ́nu mọ́ nínú ìtàn yìí.

"Ẹ kú iṣẹ́ o," mo ní. "Kí lẹ ń pe eléyìí?"

Obìnrin náà tẹ orúnkún wálẹ̀ pẹ̀lú gìtá lọ́rùn. "Ẹ káàsán, Bàbá. Jáàsì fúṣọ̀n ni, sà. Wọ́n po jáàsì mọ́ rọ́ọ̀kì àti fọ́ńkì. Àwa náà wá bu tilé wa sí i."

"Mo mọ̀ ọ́n," mo ní. N kò gbọ́ ọ rí láyé mi. "Èmi ni mo ń ta á ní wọ́ọ̀fù kí wọ́n tó sọ ọ́ lórúkọ."

Onílù fọwọ́ bo ẹnu. "Baba, you be legend o!"

"O ò parọ́," mo ní. "Àmọ́ ó ti pẹ́ díẹ̀ tí mo ti ta á kẹ́yìn. Ìwọ ọmọbìnrin yìí, ṣé wàá rán mi létí?"

Ó wo ojú mi, ó wo irun mi. Ẹ̀yin náà mọ̀ pé ọmọ tí wọ́n tọ́ dáadáa ò lè wo irú irun bẹ́ẹ̀ kó ní rárá. Ọ́fíìsì àwọn tó ń gba ẹrù jáde ní Wharf Road ló ti ń ṣiṣẹ́ láti Ajé dé Ẹtì, ó ń kọ fọ́ọ̀mù títí ọwọ́ á fi ro ó. Lọ́jọ́ Àìkú, ó ń ta gìtá ní ṣọ́ọ̀ṣì. Sátidé nìkan ló fi sílẹ̀ fún ohun tí ọkàn rẹ̀ fẹ́. Báyìí ni mo ṣe wọ inú Sátidé ọlọ́mọ. Tíṣà ni mo ń pè é láti ọjọ́ yẹn. Onílù, ní tiẹ̀, ń tún bíréèkì tírélà ṣe ní Malu Road. Ajégúnlẹ̀ ni wọ́n bí i sí, Ajégúnlẹ̀ ló gbó sí, ẹnu rẹ̀ sì fi hàn.

Wọ́n yá mi ní gìtá oníná kan àti àpótí tó ń gbé ohùn rẹ̀ jáde, ámpù ni wọ́n ń pè é. Tíṣà ń fi dò-re-mí kọ́ mi, torí mo mọ ìyẹn láti ẹgbẹ́ akọrin ilé ìwé. "Ẹ fi tì kún un, Bàbá. Ẹ gbé ìka yín kékeré sókè." Kọ́ọ̀dù jáàsì, ohùn mélòó kan tí à ń tẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, kì í ṣe ti ìdí ẹmu. Ohùn kan á wà nínú rẹ̀ bí àlejò tó ti dìde tán tí kò tíì lọ.

Bí mo bá ta á tán, Tíṣà á ní, "Ẹ kú iṣẹ́, Bàbá. Ó ń bọ̀." Ọ̀sẹ̀ méje ni nǹkan ọ̀hún fi ń bọ̀. Èmi náà ń gbọ́ ọ pé ó ń bọ̀! Bí gbogbo wa bá jọ ń ta á, ohùn kan á máa dún létí mi bí oyin, mo sì mọ̀ pé ìka mi ló ti ń jáde. Mo lọ sọ fún gbogbo àdúgbò. Mo sọ fún ẹni tó ń fá irun mi. Mo sọ fún àlùfáà, mo tún sọ fún lèmọ́mù tó jẹ́ aládùúgbò wa kí ẹnikẹ́ni má baà sọ pé mo ṣe ojúsàájú.

Wọ́n wá dá ọ̀sán Sátidé kan tí wọn yóò ta orin fún àwọn ènìyàn nínú ilé ìkẹ́rùsí náà. Tíṣà ní orin kan tó ṣe fúnra rẹ̀, òun ló sì fẹ́ràn jù. Orin tí àwa mọ̀, mẹ́rin-mẹ́rin ni à ń kà á, tàbí mẹ́ta-mẹ́ta. Ti èyí, méje ni. Ení, èjì, ẹ̀ta, ẹ̀rin, àrún, ẹ̀fà, èje, kò sí ẹ̀jọ, o ti padà sí ení nìyẹn. Mo ní kí wọ́n fún mi ní ibi tí èmi nìkan á ti dá ta nínú orin yẹn. Tíṣà ní, "Ó dáa, Bàbá."

Mo délé, mo sọ fún ìyàwó mi pé èmi nìkan ni wọ́n máa gbọ́.

"Ó dáa, Bàbá wọn."

"O ò gbà mí gbọ́?"

Ó gbé ìgbálẹ̀ sílẹ̀. "Màá wá. Iwájú ni màá jókòó."

Kò ṣe irú rẹ̀ rí. Gbogbo ìtàn mi láti ọjọ́ yìí, kò sí èyí tó tẹ̀ lé mi lọ wò. Mo wá rí i pé ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo yìí ni mo ní. Bí obìnrin yìí bá jókòó síwájú, tó sì rí i pé òótọ́ ni mo sọ, màá lè kú pẹ̀lú ẹ̀rín. Bó bá jẹ́ irọ́, kò tún ní í na ọwọ́ sójú fèrèsé mọ́. Ó ti fojú ara rẹ̀ rí i nìyẹn pé òjò kankan ò rọ̀.

Ó ku ọ̀sẹ̀ méjì. Mo dé Creek Road, mo kọ́kọ́ yà sẹ́yìn ilé láti tọ̀. Bí mo ṣe ń bọ̀, mo gbọ́ onílù nínú ilé.

"Aunty, e don do. This Baba dey scatter us. Tell am."

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ ọ́?" Tíṣà nìyẹn. "Ó ju bàbá tó bí mi lọ."

"So I go dey off him amp every Saturday till Rapture?"

"Má pariwo. Mo ń ta tiẹ̀ mọ́ tèmi, kò lè mọ̀."

"And the show nko? Him wife dey come o!"

Tíṣà ní, "Màá ta á fún un. Àwọn méjèèjì ò ní í mọ̀."

Mo wọlé bí ẹni tí kò gbọ́ nǹkan kan. Mo kí wọn, wọ́n kí mi, wọ́n gbé àga fún mi. Bí a ṣe bẹ̀rẹ̀, mo tẹ̀ síwájú bí ẹni tó fẹ́ họ ẹsẹ̀, mo fi etí ti ámpù mi. Ó dákẹ́ bí ògiri. Gbogbo oyin tí mo ti ń lá láti ọ̀sẹ̀ méje, ọwọ́ Tíṣà ló ti wá.

Ohun tó rọrùn jù ni kí n bínú. Àgbà tó bá bínú jáde, wọ́n á sáré tẹ̀ lé e, wọ́n á bẹ̀ ẹ́, á sì jàre. Àmọ́ ìyàwó mi ń bọ̀ wá jókòó síwájú. Mo sì ronú pé àwọn wọ̀nyí ò fi mí ṣẹ̀sín. Ẹ̀kọ́ ilé ló dí wọn lẹ́nu. Ẹ̀kọ́ ilé yẹn ló sì fẹ́ dójú tì mí.

Mo dìde. Ìṣó kan wà lára ògiri, nítòsí ìlù. Mo ṣí fìlà mi, mo fi kọ́ ọ.

"Ẹ ò mọ àṣà wọ́ọ̀fù," mo ní. "Níbi iṣẹ́ wa, bí àgbà bá fẹ́ kọ́ nǹkan lọ́wọ́ ẹni tó kéré sí i, á fi fìlà kọ́ ìṣó. Níwọ̀n ìgbà tí fìlà bá wà níbẹ̀, kò lọ́jọ́ orí. Ẹni tó ń kọ́ ọ lè bá a wí bó ṣe wù ú. Bó bá wá ní ó dáa nígbà tí kò dáa, òun ni wọ́n máa ní kó lọ sílé, torí irin tí wọn ò dè le ń pa ènìyàn. Bí àgbà bá mú fìlà rẹ̀, ó tún di bàbá, wọ́n á dọ̀bálẹ̀ fún un. Àwọn tó kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ ní èbúté yìí ló fi lélẹ̀."

Tíṣà nu àtẹ́lẹwọ́ mọ́ yẹ̀rì rẹ̀. "Òótọ́ ni, Bàbá?"

"Ṣé ẹni bíi tèmi lè fi àṣà ṣeré?"

Mo nawọ́ sí ámpù mi, mo tàn án, mo yí ohùn rẹ̀ sókè, mo ta gìtá. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ti rí ewúrẹ́ tó wọ ṣọ́ọ̀bù oníkòkò irin rí? Ewúrẹ́ yẹn sàn.

Tíṣà kọ́kọ́ wo fìlà. Ó kúnlẹ̀. Orí ìkúnlẹ̀ yẹn ló wà tó fi là mí mọ́lẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, sà, ariwo lẹ ń pa. Ẹ ń sáré bí ẹni tí ajá ń lé, sà. Bí ẹ ṣe ń sọ̀rọ̀ lẹ ṣe ń ta gìtá, ẹ kì í mí. Ìlù méje ni, Bàbá. Bí ẹ bá ti kà á dé méje, ẹ tún máa ń bu ọ̀kan lé e. Èènì nìyẹn, sà! Kò sí èènì nínú orin yìí!"

"Na seven, Baba," onílù ní. "You dey give us jara."

N kò tíì rí ẹni tí wọ́n fi "ẹ" àti "sà" gún bẹ́ẹ̀ rí. Ara mi gbóná. Ṣùgbọ́n inú mi dùn. Ó ti pẹ́ tí ẹnì kan ti kọjú sí mi kó sọ ohun tó rí.

Mo mọ ibi tí èènì yẹn ti wá. Ìdí ẹ̀wà ìyàwó mi ni. Ṣíbí tó bá kẹ́yìn, á tún bu díẹ̀ lé e, oúnjẹ yẹn ni mo fi dàgbà lẹ́nu iṣẹ́. Ẹsẹ̀ mi ò gbà pé nǹkan lè parí láìsí èènì. Bí mo bá kà á dé èje, àtàǹpàkò ẹsẹ̀ mi á tún lu ilẹ̀ fúnra rẹ̀, gbogbo wọn á sì dàrú lé mi lórí. Tíṣà bá mi wí, kò tó. Onílù fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, kò tó. Mo wá rántí pé mo níṣẹ́ lọ́wọ́. Ẹni tó de kọ̀nténà, ṣé ìka ẹsẹ̀ ló máa ṣòro fún un? Mo mú okùn tẹ́ẹ́rẹ́, mo so àtàǹpàkò mi mọ́ ẹsẹ̀ àga. Bó bá fẹ́ lu ẹ̀kẹjọ, okùn á fà á, á rántí.

Mo ń ṣe é nílé láàárọ̀, mo ń ṣe é lọ́sàn-án. Ìyàwó mi dúró lẹ́nu ọ̀nà.

"Bàbá wọn, kí lẹ so ẹsẹ̀ mọ́ àga fún?"

"Kó má baà fún àwọn ènìyàn ní èènì."

Ó wo okùn náà pẹ́. "Ó dáa, Bàbá wọn."

Ọjọ́ pé. Àwọn akọ̀wé Wharf Road wá, àwọn awakọ̀ tírélà wá, àwọn tó ń ta táyà ní Malu Road gbé bẹ́ǹṣì ti ara wọn dání. Ìyàwó mi wọ bàtà ọjọ́ Àìkú, ó jókòó síwájú bó ṣe sọ, ó gbé báàgì lé itan, ó ń fi pépà fẹ́ra. Ojú rẹ̀ ń lọ káàkiri, ó sì bọ́ sórí ìṣó.

"Tíṣà, ṣé kì í ṣe fìlà Bàbá wọn nìyẹn? Kí ló gbé e débẹ̀?"

"Àṣà wọ́ọ̀fù ni, Mà," Tíṣà ní, ó sì rò ó fún un láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, pẹ̀lú ọ̀wọ̀, bí ẹni ń ka Bíbélì.

Mo ń gbọ́ ọ láti ibi tí mo ti ń so ẹsẹ̀. Ìyàwó mi wo fìlà. Ó wò mí. Ó tún wo fìlà.

"Bẹ́ẹ̀ ni," ó ní. "Àṣà wọn ni."

A ta orin mẹ́ta, tèmi sì kàn. Tíṣà gbé ọwọ́ kúrò lára gìtá rẹ̀, ó ká ọwọ́ náà sẹ́yìn pátápátá kí n lè rí i pé kò sí níbẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀. N kò sáré. Mo ta ohùn mẹ́ta, mo mí. Mo ta márùn-ún, mo mí. Ènìyàn kan pàtẹ́wọ́, ó fẹ́ fà mí sí mẹ́rin, mo kọ̀. Ìgbà kẹrin tí mo yí i ká, mo mọ̀ pé ẹsẹ̀ mi fẹ́ ṣe tiẹ̀. Ó fẹ́ lu ilẹ̀. Okùn fà á. Dípò kí n máa wá ohun tí màá fi dí àyè náà, mo gbé ọwọ́ kúrò lórí okùn gìtá, mo sì jẹ́ kí odindi ìlù méje kọjá láìta ohun kankan. Onílù náà dáwọ́ dúró, gbogbo ilé dákẹ́. Níta, lórí Creek Road, tírélà kan fọn fèrè, pààà! Mo kà á dé èje, mo bọ́ sí ení, onílù bọ́ sí ení pẹ̀lú mi, ó ń pariwo, "Baba o! Baba o!" bí ẹni tí bíréèkì rẹ̀ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú.

Mo wo iwájú. Ìyàwó mi ò fẹ́ra mọ́. Pépà náà wà lọ́wọ́ rẹ̀, kò mì.

Nígbà tí a parí, mo mú fìlà mi lórí ìṣó. Tíṣà kúnlẹ̀, onílù dọ̀bálẹ̀ gbalaja sórí sìmẹ́ńtì. Mo súre fún wọn bó ti yẹ.

A rìn padà sí Ajégúnlẹ̀, èmi àti ìyàwó mi, torí ó ní òun fẹ́ fẹsẹ̀ rìn.

"Gbogbo ọdún tí mo ti wà nílé yín," ó ní, "mi ò mọ̀ pé ẹ lè dákẹ́."

"Ṣé o gbọ́ ọ?"

"Mo gbọ́ ọ. Ibi tí ẹ ti dákẹ́ yẹn ló dùn jù."

A tún rìn díẹ̀. "Àṣà fìlà yẹn, Bàbá wọn."

Mo dúró. "Kí ló ṣe é?"

"Àṣà tó dáa ni. Ẹ jẹ́ kó wà bẹ́ẹ̀."

Ó yẹ kí n jẹ́wọ́ wàyí, torí ó ti rẹ̀ mí láti máa gbé e kiri. Kò sí kíréènì tó dúró. Kọ̀nténà ò jó, ẹja ò yọrí, òyìnbó onírùngbọ̀n ò sí níbì kankan. Ẹ̀yin náà ti mọ̀ bẹ́ẹ̀, èènì lásán nìyẹn. Gìtá tí mo ta, okùn tí mo fi so ẹsẹ̀, fèrè tírélà, ìyàwó mi níwájú, òótọ́ ni gbogbo wọn. Ohun tí mo fi irọ́ ṣe ni àṣà fìlà. Kò sí irú rẹ̀ rí ní wọ́ọ̀fù. Ìyàwó mi tó jókòó sẹ́nu géètì yẹn títí mọ̀ pé kò sí. Tíṣà ò mọ̀ títí di òní, ó sì ti fi kọ́ àgbà míì tó wá bá a. Kò sí ẹni kankan tó fi àṣà yẹn lélẹ̀ fún wa. Èmi ni mo hun ún lọ́jọ́ náà, láàárín ìgbà tí mo dìde lórí àga àti ìgbà tí ọwọ́ mi kan fìlà.